Ẹ̀ẹ̀mẹta sí Apá Òsì

4.

… ẹyẹlé náà yí lẹ́ẹ̀kan sí apá òsì. Ó tún yí. Ó yí lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹrí ba bí ìgbà tí ọmọdé ń kí àgbà, ó wá dúró, ó ń retí.

Ọkà kò já bọ́.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

5.

*(Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn. Igun rẹ̀ kan ti ń ṣí.)*

ÌKÌLỌ̀ FÚN ÀWỌN OLÙTỌ́JÚ ẸYẸ

Ẹ̀rọ ló ń fún àwọn ẹyẹ ní ọkà. Àkókò tí a ṣètò fún un ló ń tẹ̀lé. Kò kàn án bóyá ẹyẹ ń jó tàbí ó ń sùn.

BỌ́TÌNNÌ PUPA wà fún dídán ẹ̀rọ wò NÌKAN. Ẹ̀rọ kì í ka ọkà tó bá ti ibẹ̀ jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹyẹ bá wà nínú àpótí.

Ẹ má bá ẹyẹ sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe fi ẹyẹ ṣe ọ̀rẹ́.

*(Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan fi bíró kọ ọ́ wínníwínní: Ó ti pẹ́ jù.)*

6.

Ẹni tó fi bíró kọ ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ilé ìwádìí ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́yẹlé. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, wà ní ìlú mìíràn, ìrìn odindi ọjọ́ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó nu àpótí, kó bu omi, kó jókòó sẹ́yìn ògiri, kó fi ojú kan wo inú ihò gíláàsì tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, kó sì máa kọ ohun tí ẹyẹ bá ṣe.

Ẹyẹlé méjìlá. Àpótí méjìlá. Ihò méjìlá.

Àga kan.

Ó máa ń gbé àga yẹn láti ihò kan dé ìkejì bí ẹni tó ń kí aláìsàn kiri ojúlé. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbé e. Ọwọ́ ọ̀tún kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́ láti ìgbà tó ti kán. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn sílẹ̀ ná.

6, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ dúró. Mo ti sáré jù. Ẹ ò tíì mọ ohun tí ẹyẹ ń torí ẹ̀ yí.

Ẹ mú ẹyẹ tí ebi ń pa, ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ̀rọ á ju ọkà sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ẹyẹ ò kúkú mọ̀. Bó bá ṣe pé ó ń họ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni ọkà já bọ́, á ní háà, híhọ yìí ni! Á tún họ ọ́. Ọkà á tún já bọ́, torí pé yóò já bọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ó parí. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹyẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ híhọ ara.

Ẹyẹlé Kìíní ń fò sókè. Ẹkẹta ń ṣá igun àpótí. Ẹkarùn-ún ń gbọn orí bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò fẹ́ dáhùn. Keje ń yí sí apá òsì, ẹ̀ẹ̀mẹta, á wá tẹrí ba.

Ọ̀gá ilé ìwádìí ń pè é ní ìgbàgbọ́ asán. Obìnrin ni Ọ̀gá, ó kàwé dé góńgó, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé ń pè é ní àdúrà. Kò sọ ọ́ síta.

*(Kò sí 7 níbí. Ẹyẹ náà ló ni nọ́ńbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó dá ní in.)*

8.

*(Látinú ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá bá àwọn àlejò sọ. Akọ̀wé ló tẹ̀ ẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ya.)*

… ẹranko méjì wà lórí pápá. Koríko mì. Ọ̀kan sá. Èkejì ní afẹ́fẹ́ lásán ni, ó dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ náà ni lóòótọ́, èyí tó sá kàn fi èémí ṣòfò ni. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ èwo ni àwa tó jókòó síbí? Ọmọ èyí tó sá ni. Èyí tó dúró kò bímọ.

Nítorí náà, ẹ má rò pé ọ̀tá ni ọgbọ́n àti ìgbàgbọ́ asán. Ọpọlọ kan náà ni. Ọpọlọ tó ń so nǹkan kan mọ́ òmíràn, tó ń sọ pé èyí ló fa ìyẹn. Òun ló kọ́ wa láti dáná. Òun ló kọ́ wa láti mọ òjò kó tó rọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Eku ní in. Ajá ní in. Ọ̀bọ ní in. Àwa la ní in jù, torí pé àwa la lẹ́nu tí a lè fi kọ́ ọmọ wa.

[ẹ̀rín]

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Bí ọkà kò bá já bọ́ mọ́, ẹyẹ á jáwọ́. Ènìyàn á wá àlàyé.

9.

*(Bàbá Ẹlẹ́yẹlé gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti ń to àga. Ó kọ èyí sẹ́yìn páálí ọkà.)*

ÀWỌN TÍ MO MỌ̀ TÍ WỌ́N Ń ṢE É

– Ajá aránbàtà tó wà ní kọ́nà. Bọ́ọ̀sì dé, ajá gbó. Bọ́ọ̀sì lọ. Ajá gbà pé òun ló lé e. Ojoojúmọ́ ló ń ṣẹ́gun.

– Akọ̀wé. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga rẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe ìdánwò.

– Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ń tẹ bọ́tìnnì líìfìtì kó lè yá dé.

– Èmi. Ẹ wo ẹ̀yìn.

9, ẹ̀yìn rẹ̀.

BÍ NǸKAN ṢE WÀ NÍ SỌ́ŃDÈ TÍ ỌMỌ MI PÈ KẸ́YÌN

– Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo dúró sí.

– Kẹ́tù wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Omi rẹ̀ kò tíì hó.

– Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀. Ti òsì. Mò ń wá ìkejì.

– Rédíò ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tó ń sọ.

– Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà.

– Mò ń ronú nípa ìyá rẹ̀. (Èyí kò kà. Ojoojúmọ́ ni.)

10.

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn nìyẹn.

11.

Ẹ lè bi mí pé ṣé òun náà kò lè gbé fóònù kó pe ọmọ rẹ̀ ni. Ìbéèrè dáadáa. Òfin ilé wọn ni kò jẹ́. Ìyá ọmọ náà ló ṣe òfin yẹn nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé ní ọ̀nà jíjìn: ẹni tó jáde ló ń pe ilé. Ó ní bí ilé bá ń pe ẹni tó jáde ṣáá, ó dà bí ìgbà tí wọ́n so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè, aago mẹ́rin, ọmọ á pè. Bí Sọ́ńdè kan bá fò, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ìyá náà kú tán, òfin rẹ̀ kò kú.

Bí Bàbá Ẹlẹ́yẹlé bá wá pe ọmọ fúnra rẹ̀, ohun tó ń sọ nìyẹn pé òfin ìyàwó òun ti tán. Kò tíì múra tán láti sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ní gbogbo Sọ́ńdè, tí aago bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu mẹ́rin, ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta á bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, á gbé kẹ́tù, á tan rédíò, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó máa ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wo àgbàlagbà bí ẹyẹlé." Àmọ́ kì í gbé kẹ́tù sílẹ̀ títí aago á fi lu márùn-ún, ọwọ́ á ti máa ro ó. Ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ débi pé ó máa ń dáhùn nígbà míì tí kò sẹ́ni tó pè é.

12.

*(Ìpè ìkẹyìn, bí òun ṣe rántí rẹ̀.)*

ỌMỌ: Kí lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́, Bàbá?

BÀBÁ: Mò ń wá bàtà mi. Ọ̀kan ti sá lọ.

ỌMỌ: Bàtà kì í sá.

BÀBÁ: Tèmi ń sá.

[ìró nǹkan tó ṣubú lulẹ̀]

ỌMỌ: Bàbá?

ỌMỌ: Bàbá!

BÀBÁ: Kò sí nǹkan kan. Kẹ́tù ló já bọ́.

ỌMỌ: Ṣé ẹ ṣubú ni?

BÀBÁ: Mo ní kẹ́tù ni. Ọmọ yìí, o ti ń yọ mí lẹ́nu jù.

Irọ́ ló pa. Ó ṣubú, apá rẹ̀ kán, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún wákàtí kan kó tó lè dìde. Àmọ́ ohun tó ń dùn ún kì í ṣe apá. *O ti ń yọ mí lẹ́nu jù.* Ó dá a lójú pé gbólóhùn yẹn ló lé ọmọ òun lọ. Oṣù márùn-ún ló ti fi ń jẹ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, kò rí i gbé mì.

13.

*(Látinú fóònù ọmọ náà. Ẹ má bi mí bó ṣe dé ọwọ́ mi.)*

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

[ó pa á rẹ́]

Ará ilé kejì yín ti sọ fún mi pé apá yín kán. Ẹ ní kẹ́tù ni.

[ó pa á rẹ́]

Mò ń bá Màámi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú, tí kò dìde mọ́. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Mo pe ẹ̀yin náà, mo gbọ́ ìró yín. Ìró kan náà ni. Mo mọ̀ pé kò nítumọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ìgbà méjì kò tó nǹkan, ọmọ kíláàsì kìíní mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò nítumọ̀.

[ó pa á rẹ́]

Mo ti gbé fóònù. Mo ti tún gbé e sílẹ̀.

[ó pa á rẹ́]

Mi ò ní pè yín kí ẹ lè pẹ́ fún mi.

[ó pa á rẹ́]

14.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀: Sọ́ńdè kẹwàá lẹ́yìn ìpè ìkẹyìn yẹn kọjá láìsí òmíràn. Ní Mọ́ńdè, Ọ̀gá ní kí wọ́n pa aago tó ń darí ẹ̀rọ; bọ́tìnnì pupa nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọkà kò ní já bọ́ sínú àpótí mọ́. Inú àgò wọn ni kí àwọn ẹyẹ ti máa jẹun ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè mọ iye ọjọ́ tí ìkọ̀ọ̀kan máa fi ṣe wàhálà lásán kó tó jáwọ́.

Kìíní jáwọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹkẹta, lọ́jọ́ kẹta. Ẹkarùn-ún gbọn orí títí di Tọ́sìdeè, ó wá lọ sùn sí kọ̀rọ̀.

Àmọ́ Mọ́ńdè yẹn gan-an ni mò ń sọ. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé gbé àga sẹ́yìn àpótí keje. Ẹyẹ ń yí. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ti ṣe é nígbà mọ́kànlélógún. Ọkùnrin náà kà á. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ẹyẹ á gbójú sókè wo ihò gíláàsì, ojú kan ṣoṣo tó pọ́n róbótó. Òun náà ń fi ojú kan ṣoṣo wò ó láti òdìkejì. Ni àánú bá ṣe é débi tí kò lè gbà á mọ́ra. Ó wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni.

Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ọkà mẹ́rin ni, ó lè jẹ́ márùn-ún.

Ó ní, "Jẹun. Jẹun, ọ̀rẹ́ mi. Ó kéré tán, kí àdúrà ẹnì kan gbà nínú àwa méjèèjì."

15.

ÀKỌSÍLẸ̀ IṢẸ́: ẸYẸLÉ KEJE

Ọ̀sẹ̀ 1. Ó yí, ẹ̀ẹ̀mẹta, òsì. Ó tẹrí ba. Kò sí ọkà.

Ọ̀sẹ̀ 2. Bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí ọkà.

Ọ̀sẹ̀ 5. Bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí ọkà.

Ọ̀sẹ̀ 8. Bẹ́ẹ̀ náà. ~~Ó ti ń sanra.~~

Ọ̀sẹ̀ 11. Bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí ọkà.

16.

LÁTỌ̀DỌ̀: Ọ̀gá

SÍ: Gbogbo òṣìṣẹ́

Ẹyẹ mọ́kànlá ló jáwọ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹyẹlé Keje kò tíì jáwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, láìrí ẹyọ ọkà kan. A kò rí irú rẹ̀ rí nílé yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú wa fún àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó mọ́ kedere.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a ó ṣí orí ẹyẹ náà, kí a lè wo ibi tí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí nínú ọpọlọ.

17.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta.

18.

Ẹ wá wo nǹkan! Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún irọ́.

Bó bá dákẹ́, wọ́n á la orí Keje. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé e kúrò níbi iṣẹ́. Wọ́n sì lé e tán, ibo ló fẹ́ máa lọ láràárọ̀? Ilé? Ta ló wà nílé? Ihò méjìlá yẹn nìkan ni ibi tí nǹkan ẹlẹ́mìí ti ń wò ó padà.

Ọjọ́ méjì ló fi rò ó. Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé ẹyẹ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó ní bí òun bá yí lẹ́ẹ̀mẹta, ọkà á já bọ́. Ó yí, ọkà já bọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀gá tó kàwé dé góńgó ni kò mọ ohun tó ń lọ, ẹyẹlé mọ̀ ọ́n.

Ní Tọ́sìdeè, ó kanlẹ̀kùn Ọ̀gá.

19.

*(Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, yàrá Ọ̀gá.)*

Ọ̀GÁ: Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ̀rọ ń gba ohùn wa o. Ṣé kò burú?

BÀBÁ: Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà. Kí n má baà yí i padà lọ́la.

Ọ̀GÁ: Kí ló dé?

BÀBÁ: Èmi ni mò ń tẹ bọ́tìnnì.

Ọ̀GÁ: Bọ́tìnnì wo?

BÀBÁ: Pupa.

[ìró àga]

Ọ̀GÁ: Láti ìgbà wo?

BÀBÁ: Láti ọjọ́ kìíní.

Ọ̀GÁ: Yéè! Bàbá! Ẹ ti ba tèmi jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Mo ti kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ o! Kí ni mo fi ṣe yín?

BÀBÁ: Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ẹ má bínú.

Ọ̀GÁ: Kí ló wá dé tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́?

BÀBÁ: Ó ń bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọ̀GÁ: Ẹyẹ ni, Bàbá.

BÀBÁ: Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní asán ló gbà gbọ́. Kì í ṣe asán, mà. Ẹnì kan wà lẹ́yìn ògiri. Èmi ni. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ọ̀GÁ: Kò lè mọ̀ ọ́n.

BÀBÁ: Ó máa ń wo ihò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀GÁ: Ẹ ò kọ ìyẹn sílẹ̀.

BÀBÁ: Ẹ ò ní kí n máa kọ ojú. Ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ lẹ ní kí n máa kọ.

[Bíró ń lu tábìlì.]

Ọ̀GÁ: Ó dáa. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín, a máa padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò ní sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ògiri. Kámẹ́rà ni màá fi wò ó láti ibí. Bí ó bá ṣì ń yí, ìgbàgbọ́ asán ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò yẹ̀. Bí ó bá jáwọ́, á jẹ́ pé ó mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Á jẹ́ pé ọgbọ́n ni. Ẹ lè máa gbé e lọ sílé.

BÀBÁ: Sọ́ńdè, aago mẹ́rin?

Ọ̀GÁ: Ṣé ẹ ní ibi tí ẹ ń lọ ni?

BÀBÁ: Rárá. Mi ò níbì kankan.

20.

Kí ẹyẹ náà tó lè yè, ó gbọ́dọ̀ gbà pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn ògiri.

21.

Ní Sátidé, ó yọ́ wọlé. Ó jókòó sídìí ihò keje.

Ó ní, "Má yí lọ́la o. Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò ní sí níbẹ̀. Bó o bá yí, wọ́n á pa ọ́."

Keje wo ihò. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tẹrí ba.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn lórí. Ẹyẹ tún yí. Ó tún yí. Wákàtí kan gbáko, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò tẹ nǹkan kan. Ó rò pé òun ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni. Lójú ẹyẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bàbá náà wulẹ̀ bínú ni.

22.

Sọ́ńdè. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti gbé kẹ́tù. Ó ti bọ́ bàtà kan. Rédíò ń sọ̀rọ̀.

Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ro ti àpótí kan ní òdìkejì ìlú. Ó ń bẹ Ọlọ́run kí ẹyẹ kan jáwọ́ nínú àdúrà. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè: èmi yìí náà ńkọ́? Ta ló wà lẹ́yìn ògiri tèmi?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó rò, torí pé òun nìkan nínú gbogbo ayé ló lè rò ó. Àwọn tó kàwé ń wo ẹyẹ. Àwọn olùfọkànsìn ń wojú ọ̀run. Òun ti jókòó lẹ́yìn ògiri rí, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ó mọ ẹni tó máa ń wà níbẹ̀. Kì í ṣe alágbára. Kì í ṣe ẹni tó ń bínú. Ẹnì kan tó dá wà ni, tó ń fi ojú kan wò ó láti inú ihò, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kò gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kan.

Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀.

Ó wọ bàtà kejì.

Ó pa rédíò. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ilé tó dá wáí yẹn pé, "Má bínú sí mi o." Lẹ́yìn náà ló wá gbé fóònù.

23.

*(Kámẹ́rà. Ẹyẹlé Keje. Ọjọ́ Àìkú. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ògiri. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.)*

4:00  Akọ̀wé gbé e sínú àpótí, ó jáde.

4:01  Ó wo ihò.

4:02  Ó yí, ẹ̀ẹ̀mẹta, òsì. Ó tẹrí ba.

4:03  Ó wo ihò.

4:05  Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró ní agbedeméjì.

4:06  Ó rìn lọ sídìí ihò.

4:07  Ó fi ojú kan wo inú rẹ̀.

4:10  Bẹ́ẹ̀ náà.

4:20  Bẹ́ẹ̀ náà.

4:40  Bẹ́ẹ̀ náà. Kò yí. Kò sùn. Kò kúrò níbẹ̀.

5:00  Bẹ́ẹ̀ náà.

ÈSÌ (ẹ fàmì sí ọ̀kan ṣoṣo):

☐ Ọgbọ́n

☐ Ìgbàgbọ́ asán

*(Kò fàmì sí ìkankan. Ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Kí là ń pe èyí?)*

24.

Ọmọ náà ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. ILÉ ló hàn lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ilé kò pè é rí.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé Bàbá ti kú, ará ilé kejì ló ń pè. Ìkejì ni pé bí kò bá tíì kú, bí òun bá gbé e, á kú. Òfin tí òun ṣe fún ara òun ni pé òun kò gbọ́dọ̀ pè. Kò rántí fi gbígbé fóònù sínú òfin náà.

Ó dún lẹ́ẹ̀kan.

Ó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ti dìde. Ó ti tún jókòó.

25.

[Ọmọ gbé fóònù.]

BÀBÁ: Hẹ́lò? Ṣé o wà níbẹ̀?

ỌMỌ: Bàbá, ẹ jókòó.

BÀBÁ: Ẹ̀n?

ỌMỌ: Kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ jókòó.

BÀBÁ: Mo ti wà lórí àga.

ỌMỌ: Kì í ṣe àga. Ilẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri.

BÀBÁ: Ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀?

ỌMỌ: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́.

[ìró aṣọ. Ìró orúnkún. Èémí àgbàlagbà.]

BÀBÁ: Mo ti jókòó.

ỌMỌ: Ṣé ilẹ̀ ni?

BÀBÁ: Ilẹ̀ ni. Ó tutù.

ỌMỌ: Ẹ má dìde o.

BÀBÁ: Mi ò ní dìde.

[ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù sílẹ̀.]

BÀBÁ: Ìwọ ńkọ́? Ibo lo jókòó sí?

ỌMỌ: Ilẹ̀.